Àbàwọ́n Epo

Mo gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun Glenda,
ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá sílé ìdáná.
Jágúà ni wọ́n. Kì í ṣe mọ́tò o, ọkọ̀ òfurufú ogun ni,
tí wọ́n rọ ní ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin,
tó gùn ju ọwọ́ mi lọ díẹ̀.
Ti Thornby wúwo bí òkúta etí odò.
Ti Lok Fai fúyẹ́: ike inú rẹ̀ ju irin lọ,
wọn ò sì kọ ìyẹn sára páálí.

Òjò ń pa oko bíìtì lẹ́yìn fèrèsé.
Nọ́fọ́ọ̀kì ò ní òkè; ojú ọ̀run ló ni gbogbo ibẹ̀.

Kerrison, tó tà wọ́n fún mi nínú gbọ̀ngàn ìjọ lọ́jọ́ Sátidé,
búra pé Lok Fai lọ̀gá.
"Wo ìlà ara rẹ̀," ló wí, "tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun.
Thornby a máa gbẹ́ tirẹ̀ bí ẹni ń kọ ebè."
Òótọ́ ni. N kò lè jiyàn.
Ṣùgbọ́n Kerrison, akọ̀wé báńkì ni ọ́ títí o fi fẹ̀yìn tì;
irin tí o mọ̀ kò ju kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ.
Èmi ti fi èjìká ti apá ọkọ̀ yìí rí, nínú yìnyín.
Ibí yìí gan-an ló ti gé mi lọ́wọ́.
Mo fi àpá hàn án. Ó wo àpá, ó ka owó:
ọgọ́rin pọ́n-ùn.
Glenda rò pé ogún ni.

Àwọ̀ ńkọ́? Thornby kun tirẹ̀ bí ewé tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Kò sí Jágúà tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.
Lok Fai mọ̀ pé oòrùn a máa ṣá nǹkan,
ó sì jẹ́ kí ó ṣá.
Ṣùgbọ́n ìdérí awakọ̀ rẹ̀ kò pa dé,
àlàfo kan ṣẹ́ kù níbẹ̀ tí eèrà lè gbà wọlé.
Ẹsẹ̀ ńkọ́? Thornby ní kí n yọ eléyìí, kí n ki tọ̀hún bọ̀ ọ́;
ilẹ̀kùn táyà já bọ́ sínú tíì mi.
Mo fi ṣíbí wá a.

Nọ́ńbà kan náà ló wà nírù àwọn méjèèjì.
Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe rà wọ́n.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi tọ́jú ọkọ̀ tó ni nọ́ńbà yẹn,
ní pápá tó ti di ọgbà ẹ̀wọ̀n báyìí.
Ó ń jò. A pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ṣeé pààrọ̀,
a bú u, a bẹ̀ ẹ́; epo ń jò, lábẹ́ ikùn, lápá òsì,
ìlà dúdú kan, bí omijé ẹni tó lé tìróò.
Láàárọ̀ kùtùkùtù, èmi, àkísà, àti iná tọ́ọ̀ṣì,
mo ti nù ún kí ọ̀gá tó dé.
Nírọ̀lẹ́ ó padà wá pẹ̀lú ìlà rẹ̀.
Òun a máa padà wá.
Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà.

Thornby ò mọ̀. Lok Fai ò mọ̀.
Ikùn méjèèjì mọ́ bí àwo tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi jẹun.

Glenda sọ̀kalẹ̀ wá, ó bi mí pé èwo ló dára jù.
Mo ní kò tíì sí.
Ó ní eruku ò mọ ẹni tó rọ wọ́n,
ó gba òṣùwọ̀n rẹ̀, ó lọ po ìyẹ̀fun.

Ti Thornby ni mo mú, nítorí ìwúwo.
Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ikùn sókè.
Kerrison á ní mo ti ba owó rẹ̀ jẹ́.
Búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, dúdú díẹ̀, pupa ilẹ̀ díẹ̀.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó dára bẹ́ẹ̀;
epo yẹn náà kò jò tààrà rí.
Ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà nù
ni mo ń fà padà, díẹ̀díẹ̀, lábẹ́ iná ilé ìdáná.