Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n mú iná lọ.
Gbogbo àdúgbò wa ní Kubwa kọ háà lẹ́ẹ̀kan náà.
Morádékẹ́ ń wá tọ́ọ̀ṣì, ó sì ń wá ẹni tí yóò bú.
Èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn
bí ẹni tí onígbèsè dédé wá san owó fún.

Ẹ má bínú sí mi. Bí iná bá wà,
fíríìjì ń kùn, fáànù ń kùn, ṣájà ń kùn,
gílóòbù funfun olówó pọ́ọ́kú yẹn ló tún burú jù,
gbogbo wọn a ṣù bo rédíò mi bí eṣinṣin ṣe ń ṣù bo egbò.
Bí iná bá ti lọ, ojú òfuurufú á mọ́ tónítóní,
etí mi á dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé láyé.

Wáyà mi rèé: bàbà ni, ogún mítà,
láti orí igi máńgòrò dé ẹ̀yìn táńkì omi Gambo.
Gambo, Ìdòwú nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó tẹ̀lé ìbejì wáyé.
Èmi náà, Ìdòwú ni mí. Ọjọ́ tí a mọ̀ bẹ́ẹ̀
ló ní kí n so ó mọ́ táńkì òun, kò gba kọ́bọ̀.

Ìròyìn ìbílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ nírọ̀lẹ́.
Mo ní ìwé kan tí mò ń kọ ọ́ sí:
wọ́n ní omi ẹ̀rọ ń bọ̀ ní Dei-Dei lọ́jọ́ Ẹtì. Kò dé.
Wọ́n ní tòmátì ti wálẹ̀ ní Zuba. Ó wálẹ̀ díẹ̀.
Màlúù mẹ́ta dá ọkọ̀ dúró ní oríta Gwarinpa;
èyí, mo fi ojú ara mi rí i.
Adéṣẹwà ọmọ mi ní gbogbo rẹ̀ ṣáà wà nínú fóònù.
Mo ní mo mọ̀. Ẹja náà wà nínú fíríìjì,
kí ló dé tí àwọn kan ṣì ń gbé ìwọ̀ lọ sódò?

Mo ní irin títẹ̀ kan, mo fi ìdè ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣe é.
Èdè wa ní dò, ó ní rè, ó ní mí;
ti irin yìí ò ju kúkúrú àti gígùn lọ,
síbẹ̀ mo ti fi bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Agadez
tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, tó ní ràkúnmí òun ń wúkọ́.
Morádékẹ́ ní, "Kí lẹ máa ń bá ara yín sọ?"
Mo ní, ojú ọjọ́.
"Ẹ ré gbogbo ayé kọjá, ẹ ń bèèrè bóyá òjò rọ̀?"
Kí ni aládùúgbò tún ń bi ara wọn?

Lálẹ́ àná, ohùn kan yọ, fẹ́lẹ́, bí òwú tó fẹ́ já.
Obìnrin ni. Ó ní erékùṣù lòun wà, omi yí òun ká.
Jẹnẹrétọ̀ Gambo sì ń bú ramúramù.
Mo yọrí lójú fèrèsé, mi ò tíì sọ nǹkan kan,
ó rí bí mo ṣe di etí mú,
ó rìn lọ, ó pa á.
Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú ooru yẹn,
ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀.
"Ṣé ò ń gbọ́ ọ báyìí?"
Mo pè é wọlé. A pín hẹ́dífóònù, etí kan, etí kan.
Obìnrin náà ní atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn,
ó ní wọ́n ń sun ẹja létí omi,
ó ní orúkọ òun ni

Iná dé.
Kubwa hó yèè, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́.
Fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.
Morádékẹ́ pariwo pé kí n tètè bá òun ki fóònù bọ ṣájà.
Mo kọ ọjọ́ sínú ìwé, mo kọ aago,
mo kọ atẹ́gùn, mo kọ ẹja sísun,
mo fi àyè orúkọ sílẹ̀.
Gambo ní bóyá òun náà tẹ̀lé ìbejì wáyé,
kí n ṣáà fi tiwa dí i.