Ìka Àwẹ̀ró

Oòrùn Máàṣì kì í kí èèyàn, gbígbá ló máa ń gbá ni létí.
Mo sọ fún Tìmílẹ́yìn pé n ò lọ.
Ó ní, "Ìyá, ọtí àfọwọ́pọn ni, kì í ṣe ti inú agolo.
Ẹ wulẹ̀ wá jókòó lábẹ́ máńgòrò."
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gun ọ̀kadà dé pápá ilé ìwé kan lẹ́yìn Ìjẹrù,
èmi nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin,
ìwé orin ṣì wà nínú àpò mi, ibi ìdánrawò ni mo ti ń bọ̀.

Máńgòrò mẹ́ta péré ló wà ní pápá náà.
Wọ́n ní òjò ní í kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ;
oòrùn ló kó wa pọ̀ ní tiwa:
akẹ́kọ̀ọ́ tí ṣòkòtò rẹ̀ ya lórúnkún,
àwọn ọlọ́kadà, ìyá kan tó gbé pitò wá láti Ṣakí,
tíṣà kan tó ń tọ́ ọtí wò, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé
bí ẹni ń máàkì ìdánwò.
Ife kékeré ni wọ́n fi ń bù ú, bí ife oògùn ikọ́.
Ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ọtí lọ.

Oyèdòkun ló ni àgbá tó gbẹ̀yìn,
ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, awò lójú. Ọkà bàbà ló pọn, ó fi kajú sí i.
Ó ti tẹmómítà bọ inú ìkòkò, ó ń wojú rẹ̀,
ó dákẹ́ bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn.
Ẹ̀rín pa mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ni mo fi ti nǹkan yẹn bọ abíyá ọmọ ọlọ́mọ;
n ò mọ̀ pé ibà ń ṣe ọtí.

Ìka ni Àwẹ̀ró fi ń wọ̀n ọ́n.
Ìyá ìyá mi. Á ti ìka bọ ọ́, á ka ení, èjì, ẹ̀ta,
bó bá lè ka ẹ̀rin kó tó fà á yọ, ó ní ó ti tó.
Àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Arọ́wọ́mọlẹ̀
nítorí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀.
Lọ́dún tó ṣèrìbọmi, ó da gbogbo rẹ̀ nù sẹ́yìnkùlé.
Ewúrẹ́ mu ún. Odidi ọjọ́ kan
ni òbúkọ Bàbá Lájùwọ̀n fi ń kan ògiri mọ́sálásí.
Ìkòkò wà níbẹ̀, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.
Kò sọ̀rọ̀ ọtí mọ́ títí ó fi kú.
Ṣùgbọ́n bí a bá rẹ àgbàdo ògì,
tó di ọjọ́ kẹta, tí omi rẹ̀ ń kan,
ó máa ń pẹ́ nídìí ìkòkò náà.
A á pè é. Kò ní dáhùn.

Mo gba ife. Ìfófó rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lókè ètè.
Kíkan ló kọ́kọ́ dé, òórùn kajú tẹ̀lé e,
lẹ́yìn náà, nǹkan kan bí ilẹ̀ tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn,
tí n kò ní orúkọ fún.
Oyèdòkun ní, "Ìyá, ṣé ó dáa?"
Mo ní, "Ó kù díẹ̀. O tètè gbé e kúrò lórí iná."
Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹnu mi ni,
àmọ́ n ò pọn ọtí rí láyé mi.
Ọmọ náà yọ bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbà tí mo yíjú, mo rí Díákónì Láoyè
lẹ́yìn igi kejì, ife méjì lọ́wọ́.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Ó ní ooru yìí pọ̀ o.
Mo ní ooru pọ̀, sà.
Máńgòrò kan já bọ́ láàárín wa;
ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un fún mi, bí ẹni ń san gbèsè.

Ìgò kan ni mo gbé délé, mo fi ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé orin.
Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú àpò,
ọlọ́kadà ń bojú wẹ̀yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rẹ kóńgò àgbàdo kan.
Ògì ni, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè.
Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó hù.
Mo gbé e ka iná. Mo ti ìka bọ ọ́.
Ení. Èjì.
Ẹ̀ta.