Ìdajì Ti Ọ̀la

Ìbídàpọ̀ àbúrò mi ń ká bùrítò l'Ókè-Àdó
bí ẹni tó ń ká ẹní àlejò tó ti lọ:
ìyẹ̀fun funfun níta, ìrẹsì funfun nínú,
máyónéèsì ń ṣàn dé ọrùn-ọwọ́.
"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tọ́ ọ wò."
Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn. Mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí ní Adéọ̀yọ́.
Mo mọ ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé,
mo mọ ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ pa
tí ẹni tó ni ín kò mọ̀.
Mo wọn ìrẹsì náà: ife kan ààbọ̀
fún ẹnu kan ṣoṣo!

A jà.
"Ṣé ilé ìwòsàn ni mo ṣí ni?"
Mi ò dá a lóhùn. Mo ń rẹ́ tẹ̀tẹ̀.
Mo bu ẹ̀wà olóyin, ìrẹsì di ṣíbí méjì,
píà tó rọ̀ gba ipò máyónéèsì,
wàrà díẹ̀, ata rodo,
àlùbọ́sà tó ṣì ń ta lójú.
Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ya mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta;
ẹ̀kẹrin ló gbà kí a ká òun,
ó pọ́n bí ilẹ̀ Àpáta lẹ́yìn òjò.

Bàbá wa, tí dókítà ti gba ṣúgà lọ́wọ́ wọn,
jẹ ìdajì, wọ́n nu irùngbọ̀n,
wọ́n fi bébà wé èyí tó kù.
"Ti ọ̀la nìyí."

Ìbídàpọ̀ wò mí,
ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára pátákó:
*Ti Bàbá, ẹ̀wà wà nínú rẹ̀*,
ó sì fi igba náírà lé e.