Èwo Ni Kò Sí?

Tungalag ni orúkọ tí ìyá mi sọ mí:
omi tó mọ́ gaara, tí a ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.
Ẹ wá wo omi ọ̀hún lóru òní
níwájú kọ̀ǹpútà àlòkù tí bọ́tìnì méjì ti yọ lára rẹ̀:
ó dàrú, ó dúdú, kò sẹ́ni tó lè bù ú mu.

Orí òkè ni àgọ́ wa wà, lẹ́yìn Ulanbátà,
níbi tí èéfín èédú ti ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.
Omi inú garawa ti di gíláàsì lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Ìyá mi sùn. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi èédú sínú ààrò,
kí irin má baà pariwo jí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi já tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì.
N kò ṣi owó kà rí. Ẹ béèrè.
Ṣùgbọ́n ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, láàrin àwọn ọmọ ogún ọdún
tí ìka wọn ń sáré bí òjò lórí páànù,
ìka tèmi a máa wá lẹ́tà
bí arúgbó tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.
Temuulen á ti parí, á máa jẹ súwíìtì.
Èmi á bo ojú kọ̀ǹpútà mi bí ẹni bo egbò.

Iṣẹ́ tí mo dáwọ́ lé kéré, ẹ má rẹ́rìn-ín:
ètò tí yóò máa ka ewúrẹ́ Gombo, ẹ̀gbọ́n ìyá mi,
tó ń dà wọ́n kiri ní gúúsù, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í sinmi.
Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n.
Mo tẹ bọ́tìnì.
Méjìlélógójì.
Mo tún un tẹ̀.
Méjìlélógójì.
Ọjọ́ mẹ́rin, méjìlélógójì,
títí tí mo fi gbà pé ẹ̀rọ náà ti mọ̀ mí,
pé èmi gan-an ni ohun tó dín.

Ohùn kan wà nínú mi, kì í pariwo.
Ó ń sọ̀rọ̀ bí aládùúgbò tó fẹ́ràn ẹni:
"Kí ló dé tí o ń da ara rẹ láàmú?
Bọ́ọ̀sì ṣì wà. Àpò tíkẹ́ẹ̀tì rẹ ṣì kọ́ sára ìṣó."
Mo wo ìṣó. Lóòótọ́ ni, ó kọ́ síbẹ̀.

Gombo pè lórí fóònù, ìjì ń jẹ ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Bàbá, ọ̀kan dín. Ìgbà gbogbo ni ọ̀kan ń dín."
N kò sọ fún un pé mo ti sunkún.
Ó dákẹ́, bóyá ó ń mu tíì oníyọ̀ rẹ̀,
ó ní, "Èwo?"
Mo ní, "Kí lẹ wí?"
"Èwo ni kò sí? Èmi kì í ka iye, ojú wọn ni mo ń wò.
Bí ewúrẹ́ bá sọnù, iye kọ́ là ń wá jáde lọ sínú yìnyín."

Èwo.
Ọjọ́ mẹ́rin, n kò bi ẹ̀rọ náà ní èwo.
Ara mi nìkan ni mo ń fi ìbéèrè gún.

Mo ní kó pè wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan.
Adíkálà jáde. Onírùngbọ̀n jáde. Ẹlẹ́sẹ̀-funfun jáde,
gbogbo wọn, àfi Oníwo-kíkán,
ìyá àgbà agbo, tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé.
Àṣé òdo ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà!
Èmi bẹ̀rẹ̀ láti ení, bí mo ti ń ṣe nínú bọ́ọ̀sì,
mo sì fi ìyá àgbà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́rin.
Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo yí padà.
Mo kígbe. Ìyá mi jí, ó bú mi, ó tún sùn.

Kì í ṣe pé ohùn yẹn ti kú. Ó wà lórí ìṣó pẹ̀lú àpò.
Lánàá ní kíláàsì ó tún bẹ̀rẹ̀,
ni mo bá rí Temuulen tó fi ọwọ́ méjèèjì bo kọ̀ǹpútà rẹ̀,
súwíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀ láìjẹ.
Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.
Pupa ló kún ojú ẹ̀rọ náà, ìlà lórí ìlà.
N kò mọ ìdáhùn.
Mo ní, "Ó dáa. Èwo?"