Nínú Ẹ̀gún

Kùrùkùrù ò tíì ká lórí oko kajú
tí mo ti jókòó sétí odò Ìgbín,
kẹ́ẹ̀gì omi méjì, ìwé àkọsílẹ̀ kan,
bírò kan tó ń gbẹ lọ.
Orúnkún mi ò jẹ́ n sáré mọ́.
Wọ́n ní kí n máa kọ nọ́ńbà ẹni tó bá kọjá.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán:
bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e.
Ará Ogbómọ̀ṣọ́, ẹ wá wo àádọ́rùn-ún ènìyàn
nínú ẹ̀gún láàárọ̀ Sátidé,
ejò ò lé wọn,
ọ̀yà kankan ò sá níwájú wọn.

Máìlì mẹ́sàn-án, láti ibi tí ọ̀dà títì ti tán,
gba ìdí kajú, gba ẹ̀gbẹ́ àpáta,
gba inú odò yìí kọjá,
dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí Abà Ìyeyè.
Gbogbo máìlì ló ní ẹni tí yóò sanwó rẹ̀.
Ìjọ Onítẹ̀bọmi gba ti ogún ènìyàn,
àwọn alágbẹ̀dẹ gba ti ẹnìkan ṣoṣo,
Àlùfáà Súbérù ní òun á san ti ọmọ òun,
ṣùgbọ́n bó bá sáré ni o;
bó bá rìn, ìdajì.
Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la fẹ́ fowó náà rà,
èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn,
tí aboyún lè na ẹ̀yìn sí.

Ọmọ Gbádégẹṣin ló kọ́kọ́ dé, nọ́ńbà kọkànlá.
Kò mumi. Ó fo odò
bí ẹni pé odò jẹ ẹ́ lówó.
Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé, wọ́n dúró ya fọ́tò,
wọ́n gbàgbé pé eré ni wọ́n ń sá.
Àwẹ̀ró elépo bẹntiróòlù wọ sálúbàtà wá;
omi gba ẹsẹ̀ kan lọ.
Ó ní, “Ẹ jẹ́ ó máa lọ,
ṣé sálúbàtà ló ń sáré ni?”

Bírò mi gbẹ lórí nọ́ńbà àádọ́rin.
Mo bá ń fi òkúta wẹẹrẹ kà wọ́n.

Mo mọ ọ̀nà yìí.
Lóru ọjọ́ kan nínú òjò Ògọ́ọ̀sì
ni wọ́n gbé Fadérera àbúrò mi gba ibí,
lórí ọ̀kadà, ọkùnrin kan níwájú,
obìnrin kan lẹ́yìn tó dì í mú,
òun àti oyún láàárín.
Ọ̀dà títì ni wọ́n ń wá.
Àwọn eléré yìí
ń sá lọ síbi tó ti ń bọ̀.

Oòrùn ti ga kí ẹni ìkẹyìn tó yọ.
Kò sáré. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún.
Sàláwù ọlọ́kadà ni,
ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ọ̀nà yìí láti ọdún mẹ́ta.
Ó dé etí omi, ó dúró.
Mo bu omi fún un, ó gbà á, kò mu ún.
“Ibí ni pọ́lọ́ọ̀gì ti mumi.”
Mo ní, “Mo mọ̀.”
“Mo ta á, mo ta á, kò jó.”
Mo ní, “Sàláwù, mo mọ̀.”

Ẹyẹ kan ń ké lókè kajú, kò bìkítà fún wa.
Mo ju òkúta rẹ̀ sáàárín àwọn yòókù.
Mo fọwọ́ ti ilẹ̀, mo dìde,
orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ,
a jọ wọ odò.
Omi tutù. Kò ju ìbàdí lọ.
Omi tí kò ju ìbàdí lọ.

Wọ́n ti ka owó tán ká tó dé.
Ó ra ẹsẹ̀ méjì nínú mẹ́ta, Àlùfáà ló wí bẹ́ẹ̀,
gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.
Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lórí ìrìn tèmi.

Lọ́dún tó ń bọ̀,
ẹ wá ẹlòmíì tí yóò jókòó ti kẹ́ẹ̀gì.
Ẹ kọ nọ́ńbà fún mi.
Máa rìn ín; ẹ gba ìdajì.