Inú Dígí

Ààyè mẹ́jọ ló wà nínú dígí, kò lé kan.
Káfíńtà kan ní Pàpá ló kàn án bẹ́ẹ̀,
ó ní pákó ló tán.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, bí a bá ti kírun Àsárì,
mo máa ń gbé agolo bisikíìtì náà sórí itan,
agolo tí a dá ihò sí lórí bí kóló,
tí ará Ẹ̀pẹ́ tó bá ní ọ̀rọ̀ ń sọ ìwé sí.
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lu òǹtẹ̀ ní pósọ́fíìsì,
tí n kò yọjú wo lẹ́tà ẹnìkan rí,
èmi ni mo wá ń ka ti gbogbo ìlú.

Ṣówándé jókòó lápá ọ̀tún, bírò pupa létí.
Ráfátù ń tún àwọ̀n ṣe, abẹ́rẹ́ ń lọ, abẹ́rẹ́ ń bọ̀,
kò gbójú sókè,
ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò sùn.

Ẹnìkan ń wá àjẹ̀ tó bọ́ sódò.
Ẹnìkan ní kí àwọn tó ń dalẹ̀ sí gọ́tà Òkè-Balógun
rántí pé òjò kì í jẹ gbèsè,
yóò dá a padà fún olúkúlùkù lẹ́nu ọ̀nà.
Ọmọdé kan kọ nípa ẹja àrọ̀ tó ń mí lórí ilẹ̀,
ìlà mẹ́rin péré. Ìlà kẹta ni:
"Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ orúkọ mi."
Ṣówándé bọ́ bírò sílẹ̀.
Ìyẹn wọlé. A ò tilẹ̀ jiyàn.

Ìyókù ńkọ́? Ta ni yóò sọ ohun tó mú wọn wọlé?
Mo mọ̀ pé ìkọ̀wé tó gún máa ń dùn mọ́ mi.
Mo mọ̀ pé Ṣówándé kì í forí ji ẹni tó bá gbàgbé àmì ohùn.
Mo mọ̀ pé bí mẹ́ta bá ti wọlé láti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́,
a ó fọgbọ́n wá mẹ́ta láti Èkó-Ẹ̀pẹ́,
kí ẹnu má baà kùn wá,
kódà kí ìkẹta rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì.
A ń pè é ní òdodo.
Àbí kí la ó pè é?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Fàsásì, ọlọ́dẹ èbúté,
ti ń sọ tirẹ̀ sínú agolo,
ìkọ̀wé bí ẹsẹ̀ akàn lórí ẹrẹ̀,
ọ̀rọ̀ kan náà nígbà gbogbo:
ogún ọkọ̀ jáde lóru, ogún dé.
Mẹ́rìndínlógún jáde, mẹ́rìndínlógún dé.
"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀," ni Ṣówándé ń wí, "ìṣírò ni."
Mo gbà fún un.
Mo ń kó wọn sábẹ́ àga,
torí iṣẹ́ tí mo ṣe kì í jẹ́ kí n ya ìwé onítọ̀hún.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ṣí tirẹ̀.
Méjìlá jáde. Mọ́kànlá dé.
Ó fi àlàfo ńlá sílẹ̀, ó wá kọ sísàlẹ̀:
"Mi ò tíì sùn."

Abẹ́rẹ́ dúró.

"Yọ ti Olóyè," ni Ráfátù wí.
"Olóyè ló ra dígí," ni Ṣówándé fèsì.
Ráfátù fi eyín já okùn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.
Mo wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò,
ọwọ́ mi ń wá a pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn dúró níwájú dígí
bí ẹni dúró níwájú ilé aláìsàn.

Àárọ̀ Sátidé, Fàsásì dé, ojú pọ́n koko.
Ó ní kí n ṣí i.
Ọkọ̀ kejìlá sùn sí Èjìnrìn, ẹ́ńjìnnì ló kú.
Ó yá bírò pupa Ṣówándé,
ó fagi lé mọ́kànlá,
ó kọ méjìlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ́,
kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.
Ṣówándé ò wí nǹkan kan.

Lónìí, Olóyè ránṣẹ́: níbo ni ìwé òun wà?
Mo ní kí ẹ bá mi sọ fún Olóyè
pé ó wà nínú agolo,
pẹ̀lú ti àwọn ará ìlú.