Irin Kì í Jẹ́pè

Ọkọ̀ mi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé,
irin lókè, irin nísàlẹ̀, irin lọ́tùn-ún lósì.
Tèmidire ni mo fi ọ̀dà kọ sí i lára.
Àwọn ará Devizes ń pè é ní Tẹ́mi-dáyà,
ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ìyọnu lédè tiwọn.
N ò bá wọn jà.
Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Torí ìyá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà.
Ojú rẹ̀ yọ, ó lanu, ó ní,
“Mọ́ṣebọ́látán, ṣé o ti…”
Ibẹ̀ ló gan sí.
Ẹnu ṣí sílẹ̀, ìpéǹpéjú kan wálẹ̀ díẹ̀,
àmì kékeré ń yí po lójú fóònù
bí ajá tó ń wá ibi tí yóò sùn sí.

Ṣé mo ti kí ni?
Ti jẹun? Ti rí ọkọ mìíràn fẹ́?
Ti gbàgbé ilé?
Mo gun òrùlé nínú òtútù oṣù Bélú,
mo na fóònù sókè bí ẹni tó ń fi àtùpà wá ewúrẹ́.
Irin tó lé omi sẹ́yìn fún mi
náà ló lé ohùn ìyá mi sẹ́yìn.

Mo tọ Gwilym lọ,
ẹni tó ń ta okùn, èédú àti gáàsì
nísàlẹ̀ òkè tí àwọn ìlẹ̀kùn omi tò sí.
Ó kó nǹkan jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì.

Ọ̀kan kò ju àtàǹpàkò lọ,
ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀.
Ó pọ́ọ́kú.
Mo ní, etí tó wà nínú ìkòkò, kí ló fẹ́ gbọ́?

Èkejì rí bí egungun ẹja tí ológbò jẹ kù.
Ọ̀kánkán ló ń wò, ó sì ń gbọ́ jìnnà,
títí dé wáífáì ilé ọtí tó wà lẹ́yìn afárá.
Ó wù mí. Mo gbé e, mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e.
Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mi kì í dúró sójú kan:
atẹ́gùn díẹ̀, okùn dẹ̀,
imú ọkọ̀ yí sí pápá màlúù,
màlúù ni yóò wá máa fún mi níròyìn.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pá funfun, kò gùn ju apá mi lọ,
gbogbo ìhà ló ń tẹ́tí sí,
pẹ̀lú rọ́tà kékeré tó ń gba símù,
tó ń mu iná bátìrì bí ẹyẹ ṣe ń mu omi.
Gwilym ní kí wáyà rẹ̀ kúrú:
wáyà gígùn a máa jẹ ohùn lọ́nà
bí ọmọ tí a rán ní ṣúgà.
Ó ní kí n gbé e ga,
ṣùgbọ́n kí n ra ìdí tó ń tẹ̀,
torí afárá kì í bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Owó èédú ọ̀sẹ̀ méjì ló lọ.
N ò lu òrùlé; ihò atẹ́gùn ni mo gba wáyà kọjá,
mo fi rọ́bà dí i, ó ṣì ń jò díẹ̀.
Iná kan tàn. Ó kú.
Ó tàn. Èkejì tẹ̀ lé e.

“Mọ́ṣebọ́látán!”
Màámi, kí lẹ fẹ́ bi mí lọ́jọ́sí?
Ó ronú títí.
“Áà. Ṣé o ti rí ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi rán ọmọ Abíọ́nà?”

Ìbọ̀sẹ̀.
Ọkọ̀ ẹlòmíràn kọjá, omi gbé wa sókè,
agolo tíì yọ̀ lórí tábìlì.
“Kí ló dé tí ilé rẹ ń mì?”
Mo ní kí ó dúró ná,
mo jáde lọ fa okùn le.
Nígbà tí mo wọlé padà,
ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, kò mọ̀ pé mo jáde.